Fóònù Kún fún Àmì, Ìpè Ò Wọlé: Ọ̀rọ̀ fún Ọlọ́jà Tó Ń Kọjá Bọ́ọ̀dà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn agbowó-orí. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ayé òde òní nìyẹn." Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Béèlì àǹkárá kan ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Lọ́dún 2023, èmi àti ìyá kan tí a jọ ń ta àǹkárá gbéra láti Èkó, ó di Lómè. A ra ọjà, a dì í ní béèlì mẹ́fà, a fi lé awakọ̀ kan lọ́wọ́ pé kó máa gbé e bọ̀ ní Kútọnù. Àdéhùn wa ni pé tó bá ti ku díẹ̀ kó wọ Kútọnù, kó pè mí, kí n sọ ibi tí yóò já ẹrù sí fún un. Fóònù wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀. Àmì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kún dẹ́nu, 4G ń tàn yanran lórí rẹ̀. Fọ́tò ọmọ-ọmọ mi ń wọlé lórí WhatsApp, mo ń rẹ́rìn-ín. Àfi ìpè nìkan ni kò wọlé. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, èmi náà pe awakọ̀. Fóònù ké pí, ó dákẹ́. Mo tún pè, ó tún dákẹ́.

Wákàtí mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn fi dúró sí etí títì. Nígbà tó sú u, ó já ẹrù sí ibi tó wù ú, ó bá tirẹ̀ lọ. Béèlì márùn-ún la bá níbẹ̀. Mo fi ìbínú sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, kò pè mí. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó." Ìgbà mọ́kànlá ló pe nọ́ńbà mi. Fóònù tèmi kò kọ ẹyọ kan sílẹ̀ pé ẹnì kankan pè mí lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe délé, mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí mo ń lo síìmù wọn. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní kí n pa fóònù náà, kí n tún un tàn. Mo ní, "Ọmọ mi, ó ń ṣiṣẹ́ níbí, Lómè ni kò ti ṣiṣẹ́." Ó ní kí n ṣáà pa á, kí n tún un tàn. Mo dìde níbẹ̀, mo bọ́ sóde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ òpó fóònù ló ń ṣe, òun ló wá jókòó tì mí lọ́jọ́ Sunday kan tó là mí lójú. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àti èyí tí mo fúnra mi wádìí lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

ÀLEJÒ ÀTI ONÍLÉ

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní roaming kò ju ọ̀rọ̀ àlejò lọ. Síìmù yín ní ilé tirẹ̀. Tí ẹ bá rà á ní Èkó, Èkó ni bàbá rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ tí òpó fóònù ilé kò dé ibẹ̀ mọ́, síìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò sùn sí. Á kan ilẹ̀kùn òpó fóònù ará Benin. Onílé á bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Síìmù á dárúkọ ilé rẹ̀. Onílé ò ní tìtorí ìyẹn gbà á wọlé kíá o. Yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Èkó pé, "Ọmọ yín kan dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé kó máa pè, ṣé kó máa lo dátà? Ta ni yóò sanwó?" Ní Èkó, ìwé ńlá kan wà tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo síìmù wọn sí. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fèsì pé ọmọ àwọn ni, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé Kútọnù ló wà báyìí. Gbogbo ìyẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn ló jẹ́ kí ìpè rí yín. Tí ọmọ tó ń dúró sí ìsọ̀ yín bá pè yín láti Balógun, ìpè rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá ilé síìmù yín ní Èkó. Ilé ló máa wo ìwé, tó máa ní, "Áà, Kútọnù ló wà," tí yóò sì dárí ìpè náà lọ síbẹ̀. Èyí ló fà á tí wọ́n fi lè yọ owó lọ́wọ́ yín lórí ìpè tí ẹlòmíràn pè yín. Èmi tẹ́lẹ̀, mo rò pé olè ni wọ́n. Ọmọ náà sanwó dé Èkó, ẹ̀yin lẹ ń san ti Èkó dé Kútọnù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Fóònù GSM àkọ́kọ́ tí ará ìlú lò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Fínlándì ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1991. Nígbà tó fi máa di ọdún 1992, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Fínlándì kan àti Vodafone ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn á máa gba ọmọ ara wọn lálejò. Àwa ńkọ́? A ṣì ń tò sílé NITEL nígbà yẹn. Oṣù kìíní ọdún 2001 ni ìjọba wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ìwé àṣẹ GSM, mílíọ̀nù 285 dọ́là lórí ìwé kan, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ó rántí náírà àádọ́ta lórí ìṣẹ́jú kan, tí a máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ọdún 2003 tí Glo dé pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá la tó mí.

ÌDÍ TÍ ÌPÈ FI KÚ TÍ DÁTÀ SÌ WÀ LÁÀYÈ

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà gan-an.

Ẹ máa ń rí i lókè fóònù yín: 2G, 3G, 4G, àwọn kan ti ń rí 5G. Ìran-ìran ni wọ́n, bí ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Nínú 2G àti 3G, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà kan wà tó jẹ́ ti ohùn nìkan. Tí ẹ bá pe ènìyàn, wọ́n á la ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó lè gba ibẹ̀ kọjá títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀nà kejì ni ti dátà. Ibẹ̀, wọ́n máa ń gé ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí kékeré-kékeré bí ẹni di ìpápánu sínú ọ̀rá, oníkálukú á gba ibi tó bá ráyè kọjá, wọ́n á wá padà tò ó pọ̀ lọ́hùn-ún.

Nígbà tí wọ́n ṣe 4G, wọ́n pa ọ̀nà ohùn rẹ́. Ọ̀nà dátà nìkan ló kù. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí 4G, àfi kí wọ́n gé ohùn yín náà sí kékeré-kékeré. Èyí ni wọ́n ń pè ní VoLTE. Ó dára púpọ̀, ohùn á mọ́ gaara, ìpè á sì tètè wọlé. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe é gbówó lórí, gbogbo ilé-iṣẹ́ kọ́ ló rà á lójú ẹsẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n fi àtẹ̀gùn síbẹ̀. Tí ìpè bá dé, fóònù á fò sọ̀kalẹ̀ láti 4G sí 3G tàbí 2G, á gbé ìpè náà níbẹ̀, tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, á tún gun òkè padà. Tí ẹ bá ní fóònù tí kò ní VoLTE, ẹ wò ó dáadáa nígbà tí ìpè bá wọlé. Ẹ ó rí i tí 4G á yí padà sí 3G tàbí H tàbí E. Ó ń sọ̀kalẹ̀ nìyẹn.

Nílé, àtẹ̀gùn yìí kì í sábà dà wá láàmú, nítorí ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni òkè àti ilẹ̀. Lẹ́yìn odi ló ti ń dìjà. Ilé-iṣẹ́ wa lè ti bá ará ibẹ̀ ṣe àdéhùn dátà 4G, kó má ì tíì bá a tún àtẹ̀gùn ìpè ṣe dáadáa. Síìmù á wọlé sórí 4G, á máa jẹ dátà, ara rẹ̀ á yá gágá. Ìgbà tí ìpè bá dé, wọ́n á ní kó sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kan ilẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Lómè nìyẹn. Ó ní ká ní mo ti mọ̀ ni, tí mo wọ inú sẹ́tíìnì fóònù náà tí mo sọ fún un pé kó fi 4G sílẹ̀, kó dúró sórí 3G, ìpè awakọ̀ ì bá wọlé. Ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ! Béèlì kan gbáko!

ÀWỌN ÌLÚ TÓ TI YỌ ÀTẸ̀GÙN KÚRÒ

Ẹ̀yin ìyá tó ń múra láti lọ bá ọmọ tọ́jú ìkókó ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbí. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí fóònù ń sọ̀kalẹ̀ sí ni wọ́n hú kúrò. AT&T ti pa 3G rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, T-Mobile pa tirẹ̀ lọ́dún náà, Verizon parí tirẹ̀ ní ìparí ọdún náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vodafone àti EE ti parí pípa 3G wọn níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. 2G ló kù fún wọn, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ sì ti fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 2033. Ní Ọsirélíà, oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn 3G. Àwọn ará ibẹ̀ le débi pé wọ́n ṣòfin pé fóònù èyíkéyìí tí kò bá lè pe nọ́ńbà pàjáwìrì wọn lórí 4G, kí àwọn ilé-iṣẹ́ dí i pa. Àwọn fóònù tí wọ́n rà wá láti ilẹ̀ òkèèrè wà lára èyí tó fara gbá a.

Kí ló dé tí wọ́n ń pa á? Ọlọ́jà ni wá, ó yẹ kó yé wa. Afẹ́fẹ́ tí fóònù ń gbà sọ̀rọ̀ dà bí ìsọ̀ inú ọjà. Kò pọ̀, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń gbà á. Tí 2G àti 3G bá gba ìsọ̀ mẹ́ta tí oníbàárà tó ń wá síbẹ̀ kò ju mélòó kan lọ, tí 4G sì wà ní ìsọ̀ kan tí èrò ń tì ara wọn níwájú rẹ̀, kí ni ẹni tó ni ìsọ̀ máa ṣe?

Níbi tiwa, ọ̀rọ̀ ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Fóònù tọ́ọ̀ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ POS ń lo 2G, kóòdù tí a fi ń ránṣẹ́ owó láti báńkì, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ tó sì ń parí pẹ̀lú àmì háàṣì, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n gbé e gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá pa 2G ní Nàìjíríà lọ́la, ọjà á dàrú kó tó di ọ̀sán. Nítorí náà, àwọn kan ti yọ àtẹ̀gùn, àwọn kan ṣì ń gùn ún. Ìrìnàjò wa sì ń gba ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kọjá.

Ìyá kan tí mo mọ̀ dáadáa gbé fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ní òun ò fẹ́ wàhálà fóònù ńlá. Láti ìgbà tó ti sọ̀kalẹ̀ nínú bàlúù, fóònù yẹn ò mọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan. Ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó fi òun àti ìkókó sílẹ̀. Kò sí ohun búburú tó ṣẹlẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà, kí ni ìyá yẹn ì bá fi pe ẹnikẹ́ni?

ÌPÈ TÓ Ń PADÀ SÍLÉ KÓ TÓ LỌ

Kí ìpè 4G tó lè ṣiṣẹ́ fún àlejò, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀. Èkíní ni pé kí onílé fúnra rẹ̀ bá àlejò gbé ìpè rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Èkejì ni pé kí onílé máa ṣa gbogbo nǹkan tí àlejò bá sọ, kó dì í, kó fi ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀, kí ilé rẹ̀ wá ṣe ètò ìpè náà. Ti ìkejì yìí ló wọ́pọ̀ jù, nítorí kò fún onílé ní iṣẹ́ púpọ̀, gbígbé ẹrù nìkan ni tirẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí. Tí èmi bá wà ní Lómè pẹ̀lú síìmù Èkó, tí mo sì fẹ́ bá obìnrin tó ń ta wax ní ìsọ̀ kejì sọ̀rọ̀, ohùn mi á kọ́kọ́ lọ sí Èkó, á tún padà wá sí Lómè. Èmi àti òun ò sì jìnnà ju ibi tí mo ti lè pariwo pè é lọ!

Dátà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀yin tó ń lọ Dùbáì tàbí Guangzhou tí ẹ ń fi fọ́tò ọjà ránṣẹ́ sí oníbàárà, tí ẹ ń sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀ ń fà, fọ́tò yẹn ń kọ́kọ́ padà wálé ni kó tó máa lọ sí ibi tí ẹ rán an. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ará Dùbáì.

Ìpè pàjáwìrì nìkan ni kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí. Tí iná bá sọ ní Houston, panápaná Èkó ò lè dé ibẹ̀. Onílé gbọ́dọ̀ gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí wà lára ohun tó ń fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lórí fífọ́ jù, torí fóònù, síìmù àti òpó gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé ní ìlú tí kò sí 3G mọ́.

ALÁGBÀTÀ ÀTI ÒGBUFỌ̀

Ẹ ṣírò nǹkan yìí pẹ̀lú mi. Ká ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ọgọ́rùn-ún ló wà láyé, tí oníkálukú fẹ́ bá àwọn yòókù ṣe àdéhùn. Àdéhùn 4,950 nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó wà láyé sì ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Àdéhùn lórí bébà nìkan kọ́ o, wọ́n tún gbọ́dọ̀ dán an wò: ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́, dátà, owó. Tí wọ́n bá ṣe ti 3G tán, wọ́n á tún ṣe ti dátà 4G, lẹ́yìn náà ti ìpè 4G, lẹ́yìn náà ti 5G. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ á kàn jókòó sórí ti àtijọ́.

Níbi tí ọwọ́ bá ti kún báyìí, alágbàtà ló ń jẹun níbẹ̀, bó ṣe wà nínú ọjà gààrí náà ló wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà láàárín tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pé kí ẹ bá àwọn ṣe àdéhùn ẹyọ kan, àwọn á so yín pọ̀ mọ́ gbogbo àwọn tó kù. Ilé-iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún, àdéhùn ọgọ́rùn-ún, ó tán. Dájúdájú, alágbàtà á jèrè tirẹ̀ lórí rẹ̀. Ta ni yóò máa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?

Iṣẹ́ kejì tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe ni iṣẹ́ ògbufọ̀. 2G àti 3G ń sọ èdè kan láàárín ara wọn, tí wọ́n ń pè ní SS7. 4G kò gbọ́ èdè yẹn, èdè mìíràn tó ń jẹ́ Diameter ló ń sọ. Nígbà tí òpó 4G ní ìlú kan bá fẹ́ béèrè síìmù yín lọ́wọ́ ilé tó jẹ́ pé SS7 nìkan ló gbọ́, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ bọ̀. Bí Gun àti Yorùbá ṣe ń nájà ní Àjàrá, tí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì dúró láàárín. Tí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀, ẹ mọ ohun tó máa ń dà.

5G náà ti dé pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ: púpọ̀ nínú 5G tó wà nígboro, ẹ̀yìn 4G ló pọ̀n sí. Òpó rẹ̀ jẹ́ tuntun, inú ilé rẹ̀ ṣì jẹ́ 4G. Nítorí náà, àlejò orí 5G bẹ́ẹ̀, ọ̀nà 4G ló ń gbà wọlé. Èyí tó dá dúró fúnra rẹ̀ ló ní èdè tuntun, òun ló sì ní aṣọ́bodè gidi. Ní àtijọ́, tí ọ̀rọ̀ bá ti lè wọ inú SS7, wọ́n á gbà á gbọ́ láì béèrè ẹni tó rán an. Àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2017 ní Jámánì, àwọn kan gba ibẹ̀ darí àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì fi ń ránṣẹ́ nọ́ńbà àṣírí sí oníbàárà, wọ́n sì kó owó inú àkáǹtì àwọn ènìyàn lọ. Nínú 5G tó dá dúró, ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ibodè ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń yẹ gbogbo lẹ́tà wò, tó sì ń fi èdìdì dì í. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀kùn àtijọ́ bá ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ìyẹn náà. Ohun tó ń náni lówó jù nínú kí tuntun àti àtijọ́ jọ máa gbé nìyẹn.

OWÓ Ń KỌ́

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti owó. Onílé tó gba àlejò máa ń kọ gbogbo ohun tí àlejò lò sílẹ̀, yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ á san láàárín ara wọn, wọ́n á wá lé tiwọn lé e kí wọ́n tó yọ ọ́ lára kírẹ́díìtì wa. Iye tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí nínú yàrá yẹn ló ń pinnu ohun tí a ń san. Ó ṣeé mú wálẹ̀. Lọ́dún 2006, Celtel so Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà pọ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kọjá bọ́ọ̀dà á máa san iye tí ará ibẹ̀ ń san. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù kẹfà ọdún 2017 ni wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn wọn máa lo fóònù ní ìlú ara wọn ní iye ilé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017 kan náà, ECOWAS ṣe òfin tirẹ̀ lórí roaming fún àwọn orílẹ̀-èdè tiwa. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ̀yin tó ń na Kútọnù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe yá tó.

Kódà láàárín ilé, wọ́n lè gba ara wọn lálejò. Lọ́dún 2020, NCC fún MTN àti 9mobile, tó gba orúkọ T2 lọ́dún 2025, láyè láti dán an wò ní apá kan ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí síìmù ọ̀kan máa lo òpó èkejì. Àwọn ọlọ́jà oko tó ń gun orí àpáta kí wọ́n tó rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mọ àǹfààní ìyẹn.

KÍ Ẹ TÓ GBÉRA

Tí ẹ bá ń lọ sí Bádágrì tàbí Ìdìròkò, tí ẹ ò sì ní kọjá bọ́ọ̀dà rárá, ẹ ṣọ́ra. Òpó ará Benin lè lágbára ju tiwa lọ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò mọ aṣọ́bodè. Ó ti ṣe mí rí, mo wà nílẹ̀ Nàìjíríà, mo ń ra ẹja, kírẹ́díìtì mi ń jò lọ bí omi inú garawa tó lu, torí pé fóònù mi ti lọ sùn sílé onílé. Ẹ wọ inú sẹ́tíìnì, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí pé kó máa fúnra rẹ̀ yan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ fọwọ́ yan ti Nàìjíríà. Ẹ tún pa dátà roaming. Tí kò bá yé yín, ọmọ kékeré tó wà ní ìsọ̀ kejì mọ̀ ọ́n.

Tí ìrìnàjò bá jìn, ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má kàn béèrè pé, "Ṣé roaming wà?" Wọ́n á ní ó wà. Ẹ béèrè pé ní ìlú tí mò ń lọ yìí, ṣé ìpè á wọlé lórí 4G, ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì á wọlé, èló ni ìpè tí mo bá gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yẹn ṣe pàtàkì: ẹni tó fẹ́ sanwó ọjà láti Guangzhou tí nọ́ńbà àṣírí ò bá wọlé, ojú ọjà ni yóò dúró sí. Ẹ wo inú fóònù yín bóyá VoLTE wà níbẹ̀, tó bá wà ní pípa, ẹ tàn án. Fóònù mìíràn ní i, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo ilé-iṣẹ́. Fóònù tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sílé fún ẹni tó ń ṣọ́ ìsọ̀. Bí ẹ bá sì dé ibẹ̀ tí dátà ń ṣiṣẹ́ tí ìpè ò wọlé, ẹ rántí béèlì mi: tí ìlú náà bá ṣì ní 3G, ẹ já a sí 3G.

Àwọn kan á ní síìmù ibẹ̀ làwọn máa rà. Kò burú, èmi náà máa ń ra ti Tógò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí báńkì mọ̀, nọ́ńbà tí oníbàárà mọ̀, ti Èkó ni. Fóònù oní-síìmù méjì ni mo wá ń gbé lọ báyìí.

Mo tún lọ sí Lómè lẹ́yìn ìyẹn. Awakọ̀ kan náà ló gbé ẹrù, torí mo ti bẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe dé, mo wo fóònù: 4G, àmì kún dẹ́nu. Mo ní kí ìyá tí a jọ lọ pè mí wò. Kò wọlé. Mo wọ sẹ́tíìnì, mo já a sí 3G, mo ní kó tún pè. Ó dún. Obìnrin tó ń ta wax fún wa ń wò wá bí a ṣe jókòó ti ara wa tí a ń pe ara wa lórí fóònù tí a ń pariwo "Hẹ́lòó! Hẹ́lòó!" Ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ pè, ó ní òun ti dé Kútọnù. Béèlì méje ló gbé, méje la kà.